Pioglitazone: kí ló dé tí kò tètè mú ṣúgà wálẹ̀, tí ẹsẹ̀ sì ń wú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi, ẹni ọdún 61, ní àtọ̀gbẹ. Metformin nìkan ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, kí dókítà wọn tó fi pioglitazone 30 mg kún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ṣúgà wọn kò tíì fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀, ẹsẹ̀ wọn sì ti ń wú. Wọ́n tún ń lo amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣé oògùn náà ò bá wọn lára mu ni? Ṣé kí wọ́n dá a dúró?

Ìdáhùn: Ẹsẹ̀ tó ń wú ni ká kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè di pàjáwìrì. Bí èémí màmá bá ń kúrú nígbà tí wọ́n bá rìn díẹ̀ tàbí tí wọ́n bá dùbúlẹ̀, tàbí tí ìwọ̀n ara wọn bá fi kílò méjì lé sí i láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n má lo pioglitazone tó kàn mọ́, kí ẹ sì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ó lè jẹ́ pé agbára ọkàn wọn kò ká omi tó wà lára mọ́. Ẹni tí dókítà ti sọ fún pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára tó, oògùn yìí kì í ṣe tirẹ̀. Bí kò bá sí irú àmì bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má dá a dúró fúnra wọn, àmọ́ kí dókítà gbọ́ nípa ẹsẹ̀ náà lọ́sẹ̀ yìí.

Ní ti ṣúgà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì tó ohun tí a fi ń dájọ́. Glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ mìíràn, a máa mú kí ara tú ínsúlínì jáde láàárín wákàtí díẹ̀. Inú kókó sẹ́ẹ̀lì ni pioglitazone ń lọ ní tirẹ̀. Purotéènì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ PPAR-gamma, ọ̀kan nínú nuclear receptor 48 tí ọmọ ènìyàn ní. Iṣẹ́ wọn ni láti dá họ́mọ̀nù, fítámì tàbí ọ̀rá mọ̀, kí wọ́n lẹ̀ mọ́ DNA, kí wọ́n sì pàṣẹ fún jíìnì kan pé kó ṣiṣẹ́, fún òmíràn pé kó dákẹ́. PPAR-gamma kì í dá lọ. Òun àti èkejì rẹ̀, RXR, ni wọ́n jọ ń lẹ̀ mọ́ DNA.

Inú sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ni PPAR-gamma pọ̀ sí jù. Ẹ fi ọ̀rá abẹ́ awọ wé àká: bí àká bá kún, ilẹ̀ lásán ni àgbàdo ń dà sí. Ọ̀rá tí kò ráyè lábẹ́ awọ á lọ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, kò sì ní jẹ́ kí ínsúlínì ráyè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Pioglitazone ń ta PPAR-gamma jí, sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá tuntun á dàgbà, wọ́n á fa ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra, wọ́n á sì tú adiponectin jáde, họ́mọ̀nù tó ń mú kí ẹ̀dọ̀ gbọ́ràn sí ínsúlínì. Èyí ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ sí méjìlá. Ẹ ṣe àyẹ̀wò A1c, èyí tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta hàn, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí kò bá wálẹ̀ nígbà náà, kò sí ìdí láti máa lò ó lọ.

(Àwọn kan wà tí a bí pẹ̀lú àbùkù nínú jíìnì PPAR-gamma. Apá àti ẹsẹ̀ wọn kì í lọ́ràá, síbẹ̀ ẹ̀dọ̀ wọn ń kún fún ọ̀rá, àtọ̀gbẹ líle àti ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń mú wọn ní kékeré. Pípẹ́lẹ́ńgẹ́ nìkan kọ́ ni ìlera.)

Purotéènì yìí kan náà wà nínú kíndìnrín, níbi tó ti ń mú kí ara di iyọ̀ mú. Ibi tí iyọ̀ bá wà, omi á tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí furosemide, oògùn tó ń mú kí ènìyàn tọ omi ara dànù, kì í fi bẹ́ẹ̀ mú irú wíwú yìí lọ, tó fi jẹ́ pé dídín pioglitazone kù sí 15 mg ló sábà máa ń dára jù. Ṣùgbọ́n amlodipine náà ń mú ẹsẹ̀ wú, nítorí ó ń la òpó ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀; kì í ṣe pé ó ń kó iyọ̀ jọ, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mú ìwọ̀n ara lọ sókè. Nítorí náà, kí màmá máa gun ìwọ̀n láràárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá tọ̀, kí wọ́n tó jẹun, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà. Ẹ dín iyọ̀ àti màgí kù. Kílò méjì sí mẹ́rin lè fi kún ara wọn láàárín oṣù mélòó kan, ọ̀rá díẹ̀, omi díẹ̀. Èyí tó ṣe kíákíá ni kí ẹ bẹ̀rù.

Egungun ńkọ́? Nínú mùdùnmúdùn, PPAR-gamma ń sọ sẹ́ẹ̀lì tí ì bá di egungun di ọ̀rá, torí náà egungun apá àti ẹsẹ̀ obìnrin lè tètè kán. Ní ọjọ́ orí màmá, ẹ má fojú kéré ṣíṣubú. Bí ẹ̀jẹ̀ bá hàn nínú ìtọ̀, ẹ sọ fún dókítà kíá: nítorí ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ni Faransé ṣe dá lílo oògùn náà dúró ní 2011.

Ẹ tún kíyè sí oògùn mìíràn. Rifampicin tí wọ́n ń fi wo ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ta nuclear receptor mìíràn jí, PXR, tó ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ pioglitazone sí wẹ́wẹ́, títí tí èyí tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ á fi tó ìdajì péré. Gemfibrozil, oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, ń ṣe òdìkejì, ó ń mú un pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ń lo gemfibrozil kò gbọdọ̀ lo pioglitazone kọjá 15 mg lóòjọ́. Gbogbo oògùn tí màmá bá ń lò, títí kan èyí tí wọ́n rà ní kẹ́mísítì, ni kí ẹ kó lọ fún dókítà lọ́sẹ̀ yìí.