Ìwọ tí o ra kẹrosíìnì nítorí ikin

Onítara, Iléṣà,

Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní babaláwo ni bàbá rẹ tó dolóògbé, pé ikin àti ọpọ́n wọn wà ní yàrá ẹ̀gbọ́n wọn, tí wọ́n ń bọ ọ́, àti pé ẹbí ní kí o mú ₦20,000 wá fún ọdún Ògún. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ rẹ ní kí o ṣe bíi Gídíónì inú Bíbélì, tó wó pẹpẹ Báálì bàbá rẹ̀ lóru: kí o wọlé lóru, kí o dáná sun ún. Ìwọ náà ti ra kẹrosíìnì, kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Jọ̀ọ́, gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn síta ná. Iná kò mọ ibi tí yàrá ikin parí sí.

Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló rán Gídíónì. Ta ló rán ọ? Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́! Ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19. Ní Éfésù, ìwé ara wọn ni àwọn alálùpàyídà kó jáde tí wọ́n sun, iye rẹ̀ sì jẹ́ 50,000 owó fàdákà. Pọ́ọ̀lù tó ń wàásù níbẹ̀ kò fọwọ́ kan ilé Díánà, òrìṣà ìlú náà. Nígbà tí ìlú dàrú, akọ̀wé ìlú, tí kì í ṣe ọmọ ìjọ, ló jẹ́rìí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ Pọ́ọ̀lù kò ja tẹ́ḿpìlì lólè, wọn kò sì bú òrìṣà àwọn. Ṣé ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ lè jẹ́rìí bẹ́ẹ̀ sí ọ? Ní Iléṣà rẹ níbẹ̀, nígbà ìsọjí wòlíì Joseph Babalọlá ní 1930, àwọn tó ni oògùn ló ń fọwọ́ ara wọn gbé e wá.

Owó Ògún, má san án. Ṣùgbọ́n tètè lọ bá Bàbá, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ yẹn, láàárọ̀ kí ọdún tó kù sí dẹ̀dẹ̀, kí o dọ̀bálẹ̀ dáadáa (ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìbọ̀rìṣà o, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́). Sọ pé, "Bàbá, Jésù ni mò ń sìn, n kò lè dá owó Ògún. Ṣùgbọ́n páànù yín tó ń jò, èmi ni n ó pààrọ̀ rẹ̀." Kí o sì pààrọ̀ rẹ̀ lóòótọ́. Àbí o gbàgbé ohun tí o fẹnu ara rẹ sọ, pé àwọn ló san owó WAEC rẹ? Bí wọ́n bá gbé ẹran wá tí wọ́n ní ti Ògún ni, má jẹ ẹ́, má sì bú ẹni tó sè é.

Ìlà tó kẹ́yìn lẹ́tà rẹ ló dùn mí jù. O ti ta pílọ́ọ̀tì kan nínú ilẹ̀ bàbá yín, àwọn àbúrò rẹ kò sì gbọ́. Kólósè 3:5 ní ìbọ̀rìṣà ni ojúkòkòrò. Òrìṣà tìrẹ nìyẹn, kò sí ní yàrá ẹnikẹ́ni. Pe àwọn àbúrò rẹ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ pín owó náà, lẹ́yìn náà kí o wá lọ bá Bàbá.