Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́ Ìdáhùn: Awò Orí Ìbọn Ìléwọ́ Ọdẹ

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni mo ń gbé. Ọdẹ ni bàbá mi nílé, ìbọn ṣakabùlà ni wọ́n sì lò títí wọ́n fi ṣíwọ́ iṣẹ́. Èmi ra Ruger Super Redhawk, ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí, tó ń lo ọta .44 Magnum, láti máa fi dọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó lórí ilẹ̀ ọ̀rẹ́ mi kan. Ní yáàdì 25, ọta mi ń balẹ̀ ní ínṣì 3 sí ìsàlẹ̀ ibi tí mo fojú sùn, ó sì ń yà díẹ̀ sí òsì. Mo yọ awò orí ìbọn gígùn mi, ìyẹn awò tó ń mú ohun tó jìnnà hàn bí ẹni pé ó wà nítòsí, mo dè é mọ́ ìbọn ìléwọ́ náà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe na ọwọ́, òkùnkùn ni mo ń rí. Nígbà tí mo fẹ́ fà á sún mọ́ ojú, ọ̀rẹ́ mi ní kí n má dán an wò. Kí ni kí n ṣe?
Ọmọ Ọdẹ, Houston

ÌDÁHÙN

Ọmọ Ọdẹ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín. Awò ìbọn gígùn ni a ṣe fún ojú tí kò jìnnà sí i ju nǹkan bí ínṣì 3 tàbí 4 lọ, nígbà tó jẹ́ pé awò ìbọn ìléwọ́ ni a ṣe fún ojú tó jìnnà sí i tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, níbi tí ọwọ́ tí a nà tán ń gbé ìbọn dé. Awò yín kò bàjẹ́ rárá. Ojú yín ló jìnnà sí i. Bí ẹ bá sì fà á sún mọ́ ojú kí ẹ tó yìn ín, ìbọn .44 Magnum yóò tàpá, etí awò yóò sì la iwájú orí yín.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ná owó sórí awò mìíràn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọta tí ẹ ń lò. Nínú ìbọn ìléwọ́, ọ̀pá ìbọn ti ń gbé ẹnu sókè kí ọta tó jáde, nítorí náà ọta tó wúwo, tí kò yára, máa ń balẹ̀ sókè ju èyí tó fúyẹ́ tó sì yára lọ ní ìjìnnà kékeré. Ó ṣeé ṣe kí ọta fífúyẹ́ jẹ́ apá kan nínú ohun tó mú kí tiyín máa lọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí yóò yé bàbá yín dáadáa, nítorí ẹni tó bá ti ki ìbọn ṣakabùlà rí mọ̀ pé bí ẹ̀tù bá ti yàtọ̀, ìbọn náà ti di òmíràn. Ẹ yan ọta kan tí ẹ ó máa fi dọdẹ, kí ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀ mọ́.

Ní ti yíyà sí òsì, ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín náà yin márùn-ún. Bí tirẹ̀ kò bá yà, ọ̀nà tí ìka yín ń gbà fa ìbọn ni ẹ ó tún ṣe, kì í ṣe irin. Bí tirẹ̀ bá yà, ìlànà rẹ̀ ni pé ibi tí ẹ bá fẹ́ kí ọta lọ ni ẹ ó sún irin ìfojúsùn ẹ̀yìn sí, ìyẹn irin kékeré tó súnmọ́ ojú yín nínú méjì tí a fi ń fojú sùn lórí ìbọn: sókè, àti sí ọ̀tún, nínú ọ̀ràn tiyín. Irin ti iwájú ni ó ń ṣe òdìkejì. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ ínṣì 9, ẹ fi àṣìṣe ínṣì 3 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ sì fi 900 pín in, nítorí ínṣì 900 ló wà nínú yáàdì 25. Ohun tí ẹ ó rí ni 0.03 ínṣì, ìwọ̀n tí ẹ ó sún irin ẹ̀yìn, èyí tí kò tó mìlímítà kan. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n yí síkúrúù náà díẹ̀díẹ̀.

Fún ẹlẹ́dẹ̀ tó bá súnmọ́ tó yáàdì 25 tàbí 40, irin ìfojúsùn yìí tó, lójú tèmi. Ẹni tí ọjọ́ orí ti mú kí irin iwájú máa ṣú lójú rẹ̀, tàbí tó ń dọdẹ ní ìrọ̀lẹ́, ni mo máa ń gbà níyànjú pé kó ra awò ìbọn ìléwọ́, kó sì jẹ́ èyí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po méjì péré. Bí agbára awò bá ṣe ń pọ̀ sí i ni gbígbọ̀n ọwọ́ ń hàn sí i.

Bí ẹ bá rà á, ẹ ṣí ilé ọta, ẹ yọ gbogbo ọta, kí ẹ sì gbé wọn kúrò ní yàrá náà. Super Redhawk kò nílò ihò lílu, nítorí wọ́n ti gbẹ́ ibi tí òrùka irin tó ń di awò mú yóò jókòó sí lára rẹ̀. Ẹ nu òróró kúrò níbẹ̀, ẹ de òrùka mọ́ ìbọn, ẹ wá tẹ́ awò sínú rẹ̀ kí ìlà àárín rẹ̀ dúró ṣánṣán. Ẹ máa fún síkúrúù òkè ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, lọ́tùn-ún lósì, kí àlàfo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè dọ́gba, ẹ má sì kọjá ìwọ̀n tó wà nínú ìwé tó bá òrùka wá, nítorí ìfúnjù a máa tẹ ọpọ́n awò. Fún ìtàpá ìbọn yìí, gọ́ọ̀mù síkúrúù aláwọ̀ búlúù, tí kì í jẹ́ kí síkúrúù tú fúnra rẹ̀, dára. Ẹ yàgò fún pupa, tó jẹ́ pé iná la fi ń tú u. Mo tún máa ń fi ọ̀dà èékánná fa ìlà láti orí síkúrúù dé ara òrùka, kí n lè tètè mọ̀ bí ó bá yí. Ti ìyàwó mi ni, kò tíì fura.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí bébà ńlá ní yáàdì 10, kí ẹ tó lọ sí 25 àti 50. Ẹ gbé ọrùn ọwọ́ lé àpò iyanrìn, ẹ má gbé ọ̀pá ìbọn lé e, ẹ má sì jẹ́ kí ìka tàbí àpò súnmọ́ àlàfo tó wà láàárín ilé ọta àti ọ̀pá, nítorí iná ń tú jáde níbẹ̀. Ìṣirò tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni ti kókó awò, èyí tí a ń yí láti sún ibi tí ọta ń balẹ̀, tó sì ń dún kẹ́ bí a ṣe ń yí i: bí wọ́n bá kọ ọ́ pé dídún kẹ́ kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì, yáàdì 100 ni wọ́n ń sọ. Ní yáàdì 25, ìdá kan nínú 16 ni, nítorí náà ínṣì 3 yóò gba dídún kẹ́ 48, kì í ṣe 12.

Ẹ dá awò ti ìbọn gígùn padà sí ààyè rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tún un yìn lórí bébà kí ẹ tó gbé e wọ igbó, torí pé ọta rẹ̀ lè má balẹ̀ síbi tó ń balẹ̀ sí tẹ́lẹ̀ mọ́.