Kí ló dé tí hítà ọkọ̀ mi kò gbóná mọ́?

Ìbéèrè: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni mo sì ń gbé ẹrù lọ sí Èkó láti ìdájí. Corolla 2003 tòkunbọ̀ ni mò ń wà, ó ti pé ọdún mẹ́fà lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà òjò tó kọjá, ìrì máa ń bo gíláàsì iwájú látinú débi pé aṣọ ni mo fi ń nù ún bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ. Tí mo bá tan hítà, afẹ́fẹ́ tó ń jáde kò ju kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ. Bí a bá dúró nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, á gbóná díẹ̀; bí mo bá ti bọ́ sí márosẹ̀ tí mò ń sáré, á tún tutù. Mẹkáníìkì mi ní kí la fẹ́ fi hítà ṣe nílẹ̀ Yorùbá. Ṣé kí n gbàgbé ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ewu ọ̀nà. Ẹ má gbàgbé ẹ̀ o. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan wakọ̀, tó ń fi ìkejì nu gíláàsì lójú ọ̀nà Ṣàgámù láàárọ̀ kùtùkùtù, ewu ńlá ló wà nínú ẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ́ńjìnnì yín ló ń gba ẹnu hítà yẹn sọ̀rọ̀.

Ohun tí ẹ sọ pé ó ń gbóná bí ẹ bá dúró, tó ń tutù bí ẹ bá ń sáré, òun ló jẹ́ kí n fura síbi kan ní pàtó. Hítà kò ní iná tirẹ̀. Omi tó ń gbé ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì náà ló ń gba inú rẹdiétọ̀ kékeré kan kọjá lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, fáànù á wá fẹ́ ooru ẹ̀ sí yín lára. Tẹmosítáàtì ni aṣọ́bodè omi yìí. Ìda wà nínú ẹ̀. Tí omi bá gbóná tó nǹkan bí 82°C, ìda á yọ́, á wú, á sì ti ilẹ̀kùn ṣí kí omi lè ráyè lọ sínú rẹdiétọ̀ ńlá tó wà níwájú ọkọ̀. Kó tó gbóná tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn wà ní títì, àárín ẹ́ńjìnnì àti hítà nìkan ni omi ń yí sí. Tí kò bá wá sí tẹmosítáàtì, tàbí tó ti ha sí ṣíṣí, láti ìgbà tí ẹ bá ti ṣáná sí ọkọ̀ ni omi ti ń lọ síwájú. Atẹ́gùn márosẹ̀ á máa fẹ́ ẹ tutù, ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́, kò sì ní gbóná tó bó ṣe yẹ.

Ẹ wo abẹ́rẹ́ ooru lójú dáṣíbọọ̀dù. Tí kì í bá dé àárín, tàbí tó ń wálẹ̀ bí ẹ bá ń sáré, ọ̀rọ̀ ti yé wa nìyẹn. Tí iná ẹ́ńjìnnì bá sì tàn, tí riwáyà fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò tó rí kóòdù P0128, ohun kan náà ló ń sọ: omi kò gbóná tó bó ṣe yẹ.

Tí kò bá wá sí tẹmosítáàtì níbẹ̀, ta ló yọ ọ́? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwa mẹkáníìkì ni, ó sì ń dùn mí láti sọ ọ́. Ọkọ̀ á gbóná jù lójú ọ̀nà, wọ́n á ṣí i, wọ́n á yọ tẹmosítáàtì dànù, abẹ́rẹ́ á wálẹ̀, oníbàárà á sanwó, á dúpẹ́. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá. Rẹdiétọ̀ tó dí tàbí fáànù tí kò yí mọ́ wà níbẹ̀ síbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa rò pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, á máa fún un ní epo bẹntiróòlù ju bó ṣe yẹ lọ. Omi tó yẹ kí ooru fà gbẹ kúrò nínú ọ́ìlì á wà níbẹ̀, á sì máa sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Owó epo tí ẹ ń dà sí i láti ìgbà òjò yẹn, ó ṣeé ṣe kó ti ju owó tẹmosítáàtì lọ.

Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n ṣí ilé tẹmosítáàtì níṣojú yín. Tí wọ́n bá bá a níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ojú lásán dá a lẹ́jọ́. Ohun tí mo máa ń ṣe rèé: mo á fi òwú so ó rọ̀ sínú ìkòkò omi tútù lórí sítóòfù, kó má fara kan ìsàlẹ̀ ìkòkò. Kí omi tó gbóná, ilẹ̀kùn ẹ̀ gbọ́dọ̀ pa dé pinpin; tí ẹ bá gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ rí àlàfo yíká ilẹ̀kùn náà. Bí omi bá ti ń sún mọ́ híhó, ẹ ó rí i tí á máa yọrí díẹ̀díẹ̀ bí ìgbín tó ń jáde nínú ìkarahun, tí ẹ bá sì gbé e kúrò, á padà sílé. Èyí tí kò bá padà sílé, ẹ sọ ọ́ nù.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá tuntun padà, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ fáànù àti rẹdiétọ̀ wò, nítorí ó nídìí tí wọ́n fi yọ ọ́. Èmi náà ti ṣe àṣìṣe yẹn rí: mo dá a padà sínú ọkọ̀ kan, n kò wo fáànù. Oníbàárà náà kò tíì kọjá Lafẹ́nwá tí omi fi hó. Láti ọjọ́ náà, fáànù ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Ẹ tún bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń dà sínú rẹdiétọ̀. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ lásán, tí àwọ̀ ẹ̀ sì ti pọ́n bí omi àgbàrá, ìpẹtà ti ń jẹ ẹ́ nínú nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́, kí wọ́n da kúláǹtì, ìyẹn omi ìtutù ẹ́ńjìnnì, tó bá Toyota mu sí i. Tó bá jẹ́ èyí tí wọn kò tíì pò, ìdajì kúláǹtì, ìdajì omi mímọ́ tí kò ní iyọ̀ (distilled water). Ẹ má ṣí ìdérí rẹdiétọ̀ nígbà tó bá gbóná, bó ti wù kí ìkánjú pọ̀ tó.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá da kúláǹtì tuntun sí i, afẹ́fẹ́ lè há sínú hítà. Òkè kò wọ́n wa ní Abẹ́òkúta: ẹ gbé imú ọkọ̀ kọjú sí òkè, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ wá nǹkan dí táyà. Ẹ́ńjìnnì tútù ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ìdérí ní ṣíṣí, hítà ní gbígbóná dópin. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, kí ẹ máa bu kúláǹtì náà kún un títí ìfófòó á fi dáwọ́ dúró.

Tí abẹ́rẹ́ bá wá dúró sí àárín tí hítà sì tún ń ṣàárẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fọwọ́ kan hósì méjì tó wọ ẹ̀yìn dáṣíbọọ̀dù. Bí ọ̀kan bá gbóná tí ìkejì tutù, rẹdiétọ̀ kékeré yẹn ti dí. Kí wọ́n fi omi ẹ̀rọ tí kò lágbára fọ̀ ọ́ láti ẹnu ibi tó ń gbà jáde, kí wọ́n má fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, á bẹ́. Bí méjèèjì bá gbóná, ilẹ̀kùn tó ń pín afẹ́fẹ́ lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù ni kò ṣí dáadáa. Bí kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ èrò bá sì tutù, tí ẹ ń gbóòórùn nǹkan dídùn kan, rẹdiétọ̀ kékeré yẹn ti ń jò nìyẹn.

Kí wọ́n tó tún un ṣe, ní ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ Èkó, ẹ tan A/C àti hítà pọ̀, ẹ darí afẹ́fẹ́ sí gíláàsì, ẹ sì pa bọ́tìnnì tó ń yí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ po, kó lè máa gba tìta wọlé. A/C ló ń fa omi kúrò nínú afẹ́fẹ́, bó bá tilẹ̀ tutù, ìrì yẹn á ká. Ẹ dákun, ẹ má tíì gbéra títí gíláàsì á fi mọ́.