Ẹ̀jẹ́ ni kó o kọ, má kọ ẹ̀jẹ̀

Àbúrò, mo ka ìbéèrè ẹ lálẹ́ àná, mo tún kà á láàárọ̀ yìí. O ní o fẹ́ sọ àlọ́ Olúrónbí, obìnrin tó fi ọmọ ẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún igi ìrókò, di ìtàn ẹ̀rù fáwọn àgbàlagbà, o ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, èèyàn mẹ́sàn-án ló kú nínú ẹ̀, ìrókò ẹ léyín lẹ́nu, ó ń mu ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ àwọn tó bá ẹ kà á ní kò dẹ́rù ba àwọn, o wá ń béèrè ohun tó o tún lè fi kún un. Jọ̀ọ́, má fi nǹkan kan kún un mọ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ àlọ́ yìí kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ọ́ tán tí mo sì jù ú nù, kí n tó wá kọ èyí tí àǹtí mi kà tí wọ́n fi pè mí lórí fóònù ní aago méjì òru pé kí n ṣáà sọ fáwọn pé ọmọ yẹn ò kú. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i.

Àkọ́kọ́ tí mo kọ, bíi tìẹ ló rí. Igi tó lójú, igi tó ń rìn lóru, gbòǹgbò tó ń wọ́ èèyàn wọlẹ̀. Olúrónbí fúnra ẹ̀, mo ṣe é bí òmùgọ̀ obìnrin kan tó lójú kòkòrò, tó lọ ń fi ọmọ bíbí inú ẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kan, ẹ́dítọ̀ wọn dá a padà pẹ̀lú ìlà kan péré, ó ní nígbà tóun kà á dé àárín, ṣe ló ń ṣe òun bíi kí igi yẹn tètè pa obìnrin náà kí ìtàn lè parí. Ó dùn mí wọra, mi ò kọ nǹkan kan fún bí oṣù mẹ́fà. Àmọ́ òótọ́ ló sọ. Mi ò fẹ́ràn obìnrin tí mò ń kọ ìtàn ẹ̀, tí mi ò bá sì fẹ́ràn ẹ̀, báwo ni ohun tó ń bọ̀ wá bá a ṣe fẹ́ ká ẹni tó ń kà á lára?

Jẹ́ n sọ ohun tó yí mi lérò padà bó ṣe rí. Ọdún méje ni mo fi wá ọmọ. Tó o bá ti rí ẹni tó wà nínú ẹ̀ nílé ọkọ rí, o ti mọ̀, mi ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé. Ní ọdún karùn-ún, ìyá ọkọ mi mú mi lọ síbi àdúrà kan lórí òkè, èèyàn dáadáa ni màmá o, àwọn náà ń bá mi sunkún ni. Wọ́n to àwa obìnrin sórí ìlà, wọ́n ní kí kálukú dìde kó sọ ohun tó máa mú wá bí Ọlọ́run bá dá a lóhùn. Ẹni àkọ́kọ́ ní àpò ìrẹsì méjì. Ẹnì kejì ní òun máa ra àga sí ilé àdúrà. Ẹnì kan ní màlúù. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lohùn ń ga sí i, táwọn èèyàn ń pariwo àmín, tí kálukú ò fẹ́ kí tòun kéré sí ti ẹni tó dúró níwájú ẹ̀. Ìgbà tó kàn mí, kò sí ohun tó ju màlúù lọ tí mo lè dárúkọ. Mo kàn gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, "Ohunkóhun tí Ẹ bá fẹ́." Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Àmín tí wọ́n ṣe sí tèmi ló dún jù.

Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀ ni mo bí ọmọbìnrin mi. Gbogbo ìgbà tí ara ọmọ yẹn bá ti gbóná, tàbí tó bá wúkọ́ lóru, ohun tó máa ń sọ sí mi lọ́kàn ni ọ̀rọ̀ kan yẹn, ohunkóhun. Ohunkóhun ni mo sọ. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Nọ́ọ̀sì á ní ibà lásán ni, á fún wa lóògùn, ara ọmọ á yá, èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mò ń ṣọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ìgbà yẹn ni ohun tí orin Olúrónbí ń sọ tó yé mi. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n láti kékeré, oníkálukú jẹ̀jẹ́ ewúrẹ́, oníkálukú jẹ̀jẹ́ àgùntàn, Olúrónbí jẹ̀jẹ́ ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ apọ́nbéporé. Wò ó dáadáa. Orí ìlà làwọn obìnrin yẹn wà. Ewúrẹ́, àgùntàn, ó ń ga sí i, ó wá kan Olúrónbí, ohun kan ṣoṣo tó kù tó ju àgùntàn lọ ni ohun tí kò tíì ní. (Àwọn kan máa ń pa á pé ọjà ló fẹ́ kó tà fóun, pé ọmọ ti wà nílẹ̀. Èmi mú ti àìrọ́mọbí torí òun ni mo mọ̀.) Ọmọ tí èèyàn ò tíì rí sójú ò wúwo lẹ́nu. Kò tíì mọ̀ pé á pọ́n bí epo, kò tíì mọ bí á ṣe máa rẹ́rìn-ín. Ojú ewé mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ ìlà yẹn nìkan, òórùn òógùn wọn, ohun tí kálukú dì lọ́wọ́, ohùn tó ń ga, bí obìnrin tó wà níwájú ẹ̀ ṣe bojú wẹ̀yìn láti wo ohun tí ẹni tó kàn fẹ́ sọ. Ẹ̀jẹ̀ lo kọ sínú tìẹ, àbúrò. Ẹ̀jẹ́ ló wà nínú àlọ́ yẹn.

Tìẹ tún fo àárín. Ó jẹ́ ẹ̀jẹ́ lójú ewé kejì, igi ti ń pa èèyàn lójú ewé kẹta. Jẹ́ kí ọmọ yẹn dàgbà ná! Jẹ́ kó hu eyín, kó rìn, kó máa pe ìyá ẹ̀. Jẹ́ kí ìyá máa gba ẹ̀yìnkùlé lọ sọ́jà kó má bàa kọjá lábẹ́ igi. Kí àwọn tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ ewúrẹ́ máa fa ewúrẹ́ wọn lọ níṣojú ẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa bọ̀ pẹ̀lú okùn lásán lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì bi í léèrè nǹkan kan. Ní tèmi, odidi ọdún mẹ́ta ni kò sẹ́ni tó rán an létí, igi ò ṣe nǹkan kan, ewé ẹ̀ kàn ń rú, àwọn tó kà á sọ fún mi pé apá ibẹ̀ yẹn gan-an làwọn ò lè kà lálẹ́.

Ìrókò ò sì nílò eyín. Ẹ̀gbọ́n màmá mi kan ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó ní Oǹdó, wọ́n sọ fún mi pé tí wọ́n bá ń la ìrókò, ayùn lè ṣàdédé ta iná nínú igi kí eyín ẹ̀ sì kán, torí òkúta wà nínú ẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń pa àlọ́ fún mi ni, àfìgbà tí mo kà á fúnra mi. Ohun kan náà tó wà lára èèpo ẹyin ni, igi náà á máa kó o jọ sínú ìtì ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi le bí òkúta, èèpo ò sì ní fi hàn. Eruku pákó ẹ̀ máa ń mú kí imú máa dà, kí ara máa yún. Ó lè ga tó mítà 50. Akọ ẹ̀ lọ́tọ̀, abo ẹ̀ lọ́tọ̀, abo nìkan ló ń so, àdán ló máa ń wá jẹ èso ẹ̀ lóru tó sì ń gbé kóró ẹ̀ lọ síbi jíjìn. Ìwọ náà ro àwọn nǹkan wọ̀nyí: àwọn obìnrin tí kò bímọ kúnlẹ̀ lábẹ́ abo igi tó so jìngbìnnì, òkúta sì ń dàgbà níkùn ẹ̀. Kí lo fẹ́ fi eyín ṣe níbẹ̀?

Orin yẹn, má ṣàlàyé ẹ̀. Ohun tó ba ẹlẹ́ẹ̀kejì mi jẹ́ nìyẹn, mo jẹ́ kí bàbá àgbà kan jókòó máa túmọ̀ ẹ̀ fáwọn ọmọ. Àlọ́ àpagbè ni, àwọn ọmọdé ló ń gbe orin ẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ń sọ pé wọ́n fi ọmọdé kan tọrẹ, ọmọdé ló sì ń gbè é. Nínú èyí tó jọ nǹkan, mo jẹ́ káwọn ọmọ àdúgbò máa kọ ọ́ nínú òṣùpá, ọmọ Olúrónbí wà láàárín wọn, ohùn ẹ̀ ló ròkè jù, kò mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kọ lórin.

Ẹnì kan ti sọ fún ẹ pé o ń ba àlọ́ àwọn bàbá wa jẹ́, má dá a lóhùn. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń rẹ́ ibi tó mú lára àlọ́ nítorí ọmọdé. Àwọn Grimm ní Jámánì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó kó àlọ́ jọ sínú ìwé, nínú ìwé wọn ti 1812, ìyá tó bí Snow White, ọmọbìnrin inú àlọ́ wọn kan, gan-an ló ní kí wọ́n lọ pa á, ìgbà tó di 1819 ni wọ́n sọ obìnrin yẹn di ìyàwó bàbá ẹ̀. Ìyá tó bí i ló bà mí lẹ́rù jù nínú méjèèjì, ìwọ náà mọ ìdí. Lára ti Olúrónbí, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fò báyìí ni ọmọ igi, o sì fò ó nínú tìẹ. Olúrónbí di ẹyẹ sínú ìrókò, ó ń kọrin níbẹ̀, ọkọ ẹ̀ tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà wá gbẹ́ ọmọ kan, ó wọ̀ ọ́ láṣọ, ó tẹ́ ẹ sídìí igi, ìrókò gbà á, ìyàwó ẹ̀ sì padà sílé. Ìgbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé wọ́n ti tan igi jẹ ni. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo bi ara mi pé, ṣé igi ò mọ igi ni?

Ọmọ igi ò sì ṣàjèjì sí wa. Láyé àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn ìyá wa máa ń ní kí agbẹ́gilére gbẹ́ ère ẹ̀, wọ́n á máa wẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa fún un lóúnjẹ, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ. Nítorí náà, nínú tèmi, Olúrónbí padà sílé, ọmọ ẹ̀ ń bẹ láàyè, ṣùgbọ́n tó bá di alẹ́ ó ń gbọ́ ẹkún lápá ọ̀dọ̀ igi, ọkọ ẹ̀ ò gbọ́ nǹkan kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀kọ lọ síbẹ̀. Ọmọ tó bí á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ìyá ẹ̀ tó ń gbé abọ́ jáde lọ bá ọmọ kejì.

Ara mi náà ni mo ti yọ ìyẹn. Ìgbà tí ọmọ mi pé ọdún mẹ́rin, mo gbé àpò ìrẹsì kan padà lọ sórí òkè yẹn, mo ní mo wá san ẹ̀jẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó rántí mi níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gba ìrẹsì, ó kọ orúkọ mi sínú ìwé, ó ní Ọlọ́run á bù sí i. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mo mọ̀ pé ọmọ igi ni mo gbé lọ.

Ní tìẹ báyìí, yọ òkú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán yẹn kúrò. Má tíì dé ìdí ìparí rárá, ìlà àwọn obìnrin yẹn nìkan ni kó o kọ́kọ́ kọ, kó o sì mọ ohun tí ìwọ náà ti fẹnu jẹ́ rí tó ò tíì san, torí ibẹ̀ lohùn Olúrónbí á ti jáde. Tó o bá kọ ọ́ tán, fi ránṣẹ́ sí mi, kó kàn jẹ́ ojú ewé méjì, mo máa kà á lọ́jọ́ tó bá dé.