Ṣé kí n fún bulldog mi ní oògùn oorun kó tó wọ bàálù láti Èkó lọ London?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Rárá, ẹ má fún un. Ajá onímú pẹlẹbẹ, èémí ti ń ni wọ́n lára tẹ́lẹ̀, oògùn yẹn á tún wá jẹ́ kí mímí nira sí i nínú bàálù níbi tí kò ti sẹ́ni tó máa dúró tì í. Àfi tí dókítà ẹran bá yẹ̀ ẹ́ wò fúnra ẹ̀ tó ní kẹ́ ẹ lò ó.

Ìwé ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ sáré sí, torí pé Nàìjíríà lẹ ti ń gbé e wọ Britain:

1. Microchip (ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ajá láti fi dá a mọ̀) kọ́kọ́, kó tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, tàbí lọ́jọ́ kan náà.
2. Tó bá pé ọjọ́ 30 ó kéré tán lẹ́yìn abẹ́rẹ́ dìgbòlugi yẹn, kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lọ fún tẹ́ẹ̀sì, láti mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ náà ṣiṣẹ́. Tó bá yege, oṣù 3 lẹ máa dúró látọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì.
3. Oògùn aràn, dókítà ló máa fún un, láàárín wákàtí 24 sí 120 kó tó gúnlẹ̀, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ ra kéèjì ẹ̀ báyìí, èyí tó lè dìde dúró kó sì yí po nínú ẹ̀, kó máa sùn síbẹ̀ nílé kó lè mọ́ ọn lára.