Mo fi mẹ́mọ́rì kún ìpín AIX, mo tún un tan, síbẹ̀ kò kúrò lójú kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Sáfà IBM Power S924 kan là ń lò níbi iṣẹ́ wa, a pín in sí mẹ́fà. Ọ̀kan nínú àwọn ìpín náà ló gbé dátábéèsì Oracle wa; AIX (ètò ìṣiṣẹ́ IBM) ló wà lórí rẹ̀, mẹ́mọ́rì rẹ̀ sì jẹ́ 32 GB. Mo wọ HMC, ẹ̀rọ tí a fi ń darí àwọn ìpín, mo gbé desired (iye tí a fẹ́) inú profile rẹ̀ láti 32 sí 48 GB, mo gbé maximum láti 40 sí 64 GB. Minimum jẹ́ 8 GB, n kò fọwọ́ kàn án. Mo dúró dòru, mo fi `shutdown -Fr` tún un tan. Nígbà tó jí, 32 GB ṣì ni. Mo ní kí n fi kún un bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, HMC kọ àṣìṣe HSCL2957 sí mi lójú. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́?

Ìdáhùn: Nǹkan méjì ló lọ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́ yín. Ẹ jẹ́ ká tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Profile kì í ṣe ìpín. Ìwé tí télọ̀ kọ ìwọ̀n yín sí ni. Bí ẹ bá fagi lé nọ́ńbà inú ìwé náà, tí ẹ kọ èyí tó tóbi jù ú lọ, agbádá tó wà lọ́rùn yín kò ní torí ẹ̀ fẹ̀ sí i. `shutdown -Fr` tí ẹ ṣe yẹn, ńṣe lẹ bọ́ agbádá náà tí ẹ tún un wọ̀. AIX ló sùn tó jí. Lójú hypervisor, ètò tó ń pín ẹ̀rọ náà fún àwọn ìpín, ìpín náà kò kú rárá, gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá pa ìpín pátápátá, tí HMC kọ Not Activated sí i, tí ẹ wá fi orúkọ profile tan án, ìgbà yẹn ni HMC tó ń ṣí ìwé yẹn wò.

Ẹ fi ojú ara yín rí i. Ká ní SAFA1 ni orúkọ ẹ̀rọ, oradb ni orúkọ ìpín. Lórí HMC:

```
lssyscfg -r prof -m SAFA1 --filter lpar_names=oradb -F name,min_mem,desired_mem,max_mem
lshwres -r mem -m SAFA1 --level lpar --filter lpar_names=oradb -F curr_min_mem,curr_mem,curr_max_mem
```

MB ni HMC fi ń kà á. Àṣẹ àkọ́kọ́ yóò fi 49152 àti 65536 hàn yín, ìyẹn ohun tó wà nínú ìwé. Èkejì yóò fi 32768 àti 40960 hàn, ìyẹn ohun tó wà nílẹ̀ gan-an. `lparstat -i` lórí AIX yóò sì gbè é lẹ́yìn.

Ẹ tẹjú mọ́ 40960 yẹn. Kódà bí HSCL2957 bá lọ lónìí, 8 GB péré lẹ lè fi kún un láìpa ìpín. Maximum tí ìpín fi dìde ni hypervisor fi wọn tábìlì tó fi ń tọpa mẹ́mọ́rì rẹ̀, tábìlì náà kò sì ṣe é fẹ̀ nígbà tí ìpín bá ń ṣiṣẹ́. Ìdá kan nínú 64 tàbí nínú 128 maximum ni tábìlì yìí máa ń gbà, bí ètò ẹ̀rọ bá ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí kò fi bọ́gbọ́n mu láti kọ 1 TB sí maximum nítorí "bóyá a ó nílò rẹ̀ lọ́la": 8 tàbí 16 GB ni ẹ fi ń ṣòfò lójoojúmọ́. 64 tí ẹ kọ yẹn dára.

Ó wá ku HSCL2957. Ohun tó ń sọ ni pé HMC kò rí ìpín náà bá sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ RMC, ọ̀nà tí HMC àti AIX fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Hypervisor lè ní mẹ́mọ́rì nílẹ̀, ṣùgbọ́n AIX ni yóò gbà á, bí HMC kò bá sì lè bá AIX sọ̀rọ̀, kò sí fífi kún, kò sí yíyọ kúrò. Ẹ tẹ `lspartition -dlpar` lórí HMC, kí ẹ wá ìpín yín níbẹ̀. Bí ẹ bá rí Active:<0>, tàbí tí ẹ kò tilẹ̀ rí i rárá, ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Lórí AIX, `lsrsrc IBM.MCP` yẹ kó dárúkọ HMC yín. Bí kò bá mú nǹkan kan wá, ìdáhùn kan náà nìyẹn.

Firewall ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Pọ́ọ̀tù 657 ni RMC ń gbà, TCP àti UDP, ní àlọ àti àbọ̀. Àwọn tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sábà máa ń ṣí TCP nìkan, telnet á wọlé geere, gbogbo ènìyàn á ní kò sí wàhálà. TCP nìkan ni telnet ń dán wò. Bí ọ̀nà bá là, ẹ tún RMC gbé dìde lórí AIX:

```
/usr/sbin/rsct/bin/rmcctrl -z
/usr/sbin/rsct/bin/rmcctrl -A
/usr/sbin/rsct/bin/rmcctrl -p
```

Ẹ fún un ní ìṣẹ́jú bíi márùn-ún kí ẹ tó tún wo HMC. Kì í yára.

Bí ó bá ṣì kọ̀, ẹ bi ara yín léèrè: ṣé wọ́n ṣe ẹ̀dà ìpín yìí láti ara òmíràn ni? Ẹ tẹ `/usr/sbin/rsct/bin/lsnodeid` lórí ìpín méjèèjì. Bí nọ́ńbà wọn bá jọra, bí ìbejì tí wọ́n fún ní orúkọ kan náà ni lójú HMC, yóò máa gbá ọ̀kan mú, yóò máa fi ìkejì sílẹ̀. `/usr/sbin/rsct/install/bin/recfgct` ló ń fún ẹ̀dà ní nọ́ńbà tuntun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ lórí ìpín tó wà nínú ìṣùpọ̀ PowerHA (àwọn ìpín tó ń dúró fún ara wọn bí ọ̀kan bá ṣubú): nọ́ńbà náà ni ìṣùpọ̀ fi mọ̀ ọ́n, ẹ ó kàn dá gbèsè mìíràn sílẹ̀ ni.

Nígbà tí RMC bá ti dúró, ẹ lè fi 8 GB tọ́jú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí òru tó ń bọ̀ tó dé:

```
chhwres -r mem -m SAFA1 -o a -p oradb -q 8192
```

Iye tí ẹ bá kọ lẹ́yìn `-q` gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí ìwọ̀n búlọ́ọ̀kù mẹ́mọ́rì ẹ̀rọ náà, ó sábà máa ń jẹ́ 128 tàbí 256 MB. 8192 gba méjèèjì.

Pàkúté kan wà níbí tó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi 8 GB kún un, ẹnì kan lè ní kí ẹ "tọ́jú ohun tó wà nílẹ̀ sínú profile" pẹ̀lú `mksyscfg -o save` àti `--force`. Bí ẹ bá ṣe é sórí profile tí ẹ ti tún kọ, 40 tó wà nílẹ̀ ni yóò bo 48 àti 64 yín mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ẹ fún un ní orúkọ mìíràn.

Fún 48 GB gan-an, ẹ óò pa ìpín. Kí ẹ tó pa á, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá 16 GB wà nílẹ̀ lóòótọ́ (8 GB péré ló kù láti wá bí ẹ bá ti fi 8 kún un):

```
lshwres -r mem -m SAFA1 --level sys -F curr_avail_sys_mem
```

Ẹ rántí pé tábìlì tó ti tóbi sí i yóò bù nínú rẹ̀. Bí ohun tó wà kò bá tó desired, HMC kò ní pariwo. Níwọ̀n ìgbà tó bá ti ju minimum lọ, yóò fi ohun tó rí gbé ìpín dìde, minimum yín sì jẹ́ 8 GB. Ní tèmi, 8 kéré jù fún ìpín Oracle. Ẹ gbé e sí 32: kó kọ̀ láti dìde, kí ẹ sì mọ ìdí, sàn ju kó dìde pẹ̀lú ebi.

Ní òru náà, ẹ pa Oracle, ẹ tẹ `shutdown -F` láìsí r, ẹ dúró kí HMC kọ Not Activated. Lẹ́yìn náà:

```
chsysstate -r lpar -m SAFA1 -o on -n oradb -f oradb_prof
```

Ẹ má gbàgbé `-f`. Bí ẹ bá fò ó, ohun tí ìpín ní tẹ́lẹ̀ ni yóò fi dìde, ẹ ó sì tún padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Lórí ojú ìwé HMC pẹ̀lú, ẹ mú orúkọ profile, ẹ má mú current configuration.

Oracle fúnra rẹ̀ kò ní mọ̀ pé mẹ́mọ́rì ti pọ̀ àfi bí ẹ bá sọ fún un. sga_max_size, òpin SGA (mẹ́mọ́rì tí Oracle ń lò), kì í yí padà láìtún dátábéèsì tan, nítorí náà ẹ yí i nínú spfile, fáìlì ètò Oracle, ní òru kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Oracle dìde fúnra rẹ̀ ní àárọ̀ yẹn. Ẹ kọ́kọ́ rí 49152 MB lójú Online Memory nínú `lparstat -i`, nítorí SGA ńlá lórí mẹ́mọ́rì kékeré yóò lé ìpín náà lọ sí paging space (àyè orí dísíìkì tó ń rọ́pò mẹ́mọ́rì, tó sì lọ́ra), àwọn oníbàárà yín ni yóò sì kọ́kọ́ mọ̀.