Ẹ Bi Wá Léèrè: Kíláàsì ìṣirò wo ló yẹ ọmọ yín ní Amẹ́ríkà?

Àsìkò yìí ni àwọn ilé-ìwé Amẹ́ríkà ń to kíláàsì ọdún tó ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí lẹ́tà àwọn òbí fi dá lé ìṣirò. Kí àwọn tó wà nílé náà lè bá wa lọ: ìṣirò ti ibẹ̀ kì í ṣe àkópọ̀ bíi ti WAEC. Lọ́pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹ̀ka kan ni wọ́n ń ṣe lọ́dún: Algebra 1, Geometry, Algebra 2, Precalculus, kó tó wá kan Calculus. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ Algebra 1 ní Grade 9 (bíi JSS3 tiwa) á parí Grade 12 (bíi SS3) sórí Precalculus. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní Grade 8 á ráyè ṣe Calculus. Ọdún kan yẹn ni gbogbo ìjà dá lé.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi parí SS1 n'Ìbàdàn kó tó wá bá wa. Ó ti ṣe quadratic equation àti logarithm, síbẹ̀ Algebra 1 ni wọ́n fi í sí pẹ̀lú àwọn ọmọ Grade 9. Ṣé wọn ò fojú di ọmọ mi báyìí? — Ìyá kan, Houston, Texas

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ má tíì bínú. Kírẹ́díìtì, ìyẹn àkọsílẹ̀ kíláàsì tí ọmọ ti ṣe yege, ni kọ́ńsẹ́lọ̀ (òṣìṣẹ́ ilé-ìwé tó ń to kíláàsì fún ọmọ) ń kà, kì í ṣe ohun tó wà lórí ọmọ. “Mathematics” lásán ló wà nínú ìwé èsì tó ti Nàìjíríà wá, wọn ò sì mọ èwo nínú ẹ̀ka tiwọn ni kí wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n bá fi ọmọ síbi ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ gba ìwé èsì láti JSS1 dé SS1 lọ́wọ́ ilé-ìwé tó ti kúrò, kó ní òǹtẹ̀, kí ẹ sì gba scheme of work ìṣirò tó fi iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan hàn. Ẹ fàlà sábẹ́ linear equation, simultaneous equations, factorisation, quadratic àti graph, torí inú Algebra 1 ni wọ́n wà. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí kọ́ńsẹ́lọ̀ pẹ̀lú e-mail, kí ọjọ́ lè hàn lórí rẹ̀, kí ẹ sì bèèrè fún credit by exam, ìyẹn ìdánwò tí ọmọ lè fi gba kírẹ́díìtì láìjókòó sí kíláàsì náà. Ní Texas, ọmọ tí wọ́n ti kọ́ níṣẹ́ náà rí ṣùgbọ́n tí kò ní kírẹ́díìtì rẹ̀, 70 nínú 100 ló máa gbà kó tó yege. Ẹni tí wọn ò kọ́ rí, 80 ni. Scheme of work tí ẹ mú wá ló máa fi hàn pé 70 ló kàn án. Ẹ tún bèèrè bóyá EOC (ìdánwò ìparí kíláàsì) ti Algebra 1 ṣì kàn án, torí ó wà lára ìdánwò márùn-ún tí ìpínlẹ̀ náà ń béèrè kí ọmọ tó gba ìwé-ẹ̀rí.

Àmọ́ kó má lọ jókòó sí ìdánwò náà láìmúra. SS1 kò kó gbogbo Algebra 1 já. Ibi tí àwọn ọmọ tó ń ti Nàìjíríà dé ti sábà ń kọsẹ̀ ni function: f(x), domain (iye tí x lè jẹ́), range (iye tí y lè jẹ́), àti sísún àwòrán y = x² káàkiri. Ẹ bi í pé y = (x − 3)² sún lọ sí ọ̀tún tàbí òsì. Ọ̀tún ni, àmọ́ àmì àyọkúrò yẹn á fẹ́ mú un sọ pé òsì ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni orúkọ. Surds tiwa ni wọ́n ń pè ní radicals, indices ni exponents, gradient ni slope. Èyí tó léwu jù ni standard form: nílé, 3.2 × 10⁵ ni; nínú ìwé tiwọn, Ax + By = C ni, ọmọ tó mọ méjèèjì dáadáa á sì dáhùn ohun tí wọn ò bi í. Ẹ̀rọ ìṣirò tó ń ya graph náà wà níbẹ̀. WAEC kò gbà á láyè, STAAR ti Algebra 1 (EOC tí a dárúkọ lókè yẹn) sì ń lò ó. Desmos, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó máa fi ṣeré lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìdánwò.

Tó bá yege, Geometry ló kàn. Tí kò bá yege, kó ṣe Algebra 1 ní Grade 10, kó wá ṣe Geometry àti Algebra 2 pọ̀ ní Grade 11. Àwọn méjèèjì ṣeé ṣe pọ̀, torí Algebra 2 kò fi bẹ́ẹ̀ gbára lé Geometry. Ẹ má ṣe gbà kí ó ṣe Algebra 2 pọ̀ mọ́ Precalculus o. Èyí èkejì orí èyí àkọ́kọ́ ló dúró sí.

Ọ̀rọ̀ kan tí ẹ ò bèèrè: fọ́ọ̀mù kan á bi yín ní èdè tí ẹ ń sọ nílé. Tó bá jẹ́ Yorùbá, ẹ kọ Yorùbá. Wọ́n á dán Gẹ̀ẹ́sì ọmọ wò, kò sí nǹkan tó burú níbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá wá fi èsì Gẹ̀ẹ́sì yẹn pinnu kíláàsì ìṣirò rẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ bínú.

Mààkì díẹ̀ ló ku ọmọbìnrin mi kó tó wọ Algebra 1 ní Grade 8. Bàbá rẹ̀ ní ká lọ jà á. Kí lẹ rí sí i? — Ìyá kan, Virginia

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò nílé, láìsí ẹ̀rọ ìṣirò, láàárín ìṣẹ́jú ogún. Kó pín ¾ sí ⅖. Kó sọ iye tí −3² àti (−3)² jẹ́. Kó wá x nínú 2(x − 5) − 3(x − 4) = 7. Kó sọ iye tí ọjà $100 máa di tí wọ́n bá fi 20% lé e, tí wọ́n tún yọ 20% kúrò nínú iye tuntun. Kó wá slope ìlà tó gba (2, 3) àti (6, 11) kọjá.

Ìdáhùn wọn: 15/8; −9 àti 9; x = −5; $96; 2.

Ẹ wo ìkẹta dáadáa. Ọmọ tó bá kọ x = −29 mọ ọ̀nà, àmì ló ṣì í lọ́wọ́: ó sọ −3 lọ́nà −4 di −12 dípò +12. Ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn tó láti tún ìyẹn ṣe. Ẹni tí kò lè pín ìdá sí ìdá ló ń bà wá lẹ́rù jù, torí Algebra 1 kún fún ìdá tí x wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ìṣirò lásán kò sì ní bá a yanjú x/3 + x/4.

Tó bá gba mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ lọ jà. Ẹ ní kí wọ́n kọ mààkì tó gbà àti mààkì tí wọ́n fi ń gbà wọlé sílẹ̀ fún yín, kí ẹ bèèrè bóyá ó lè tún ìdánwò ṣe, àti ọjọ́ tí àyè ìpẹ̀jọ́ ń pa dé. Tó bá gba méjì tàbí ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó dúró. Ní tiwa, A ní Grade 9 sàn ju C ní Grade 8 lọ, nítorí gbogbo kíláàsì tó tẹ̀ lé e ló máa lo Algebra 1, àti pé iṣẹ́ high school (Grade 9 sí 12) tí ọmọ bá ṣe ní middle school, ilé-ìwé tó ṣáájú rẹ̀, máa ń wọ ìwé èsì high school rẹ̀. Ní Virginia, òbí lè kọ̀wé pé kí wọ́n yọ irú mààkì bẹ́ẹ̀, àmọ́ kírẹ́díìtì rẹ̀ náà á bá a lọ.

Kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń jà á báyìí. Òfin kan tí Texas ṣe ní 2023 ní kí ọmọ tó bá wà nínú 40% tó mókè jù nínú ìdánwò ìṣirò Grade 5 bọ́ sí kíláàsì ìṣirò tó ga ní Grade 6, àyàfi tí òbí bá kọ̀wé pé òun kò fẹ́.

Ṣé ọmọ mi lè fi Data Science (ẹ̀kọ́ nípa fífi kọ̀ǹpútà ṣàyẹ̀wò dátà) rọ́pò Algebra 2? Ó ní ó rọrùn jù. — Bàbá kan, California

Ìdí tó fi fẹ́ ẹ gan-an ni kí ẹ má fi gbà, sà. Ní 2023, University of California sọ ọ́ pé irú kíláàsì data science tí kò kọ́ Algebra 2 já kò lè dúró fún un. Kó ṣe Algebra 2 tán. Tó bá ṣì wù ú ní Grade 12, kó ṣe é.

Ọmọ mi fẹ́ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ti ṣe Precalculus tán. AP Statistics ni àbí AP Calculus? — Ìyá kan, Atlanta

AP ni kíláàsì high school tó ga bíi ti yunifásítì, tó sì ní ìdánwò tirẹ̀. Ẹ mú Statistics. Òun ló máa bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló sì ń béèrè rẹ̀. Ká ní iṣẹ́ ẹ̀rọ (engineering) ló fẹ́ ṣe ni, Calculus la máa ní kó ṣe. Oríṣi AP Calculus méjì ló wà, AB àti BC: BC kó gbogbo AB sínú, ó wá fi series, parametric àti polar kún un. Nítorí náà iṣẹ́ BC yára jù, ọmọ tí Precalculus rẹ̀ kò dá mú AB ló yẹ. Ìdánwò AP ń wáyé ní oṣù karùn-ún, láti 1 dé 5 ni mààkì rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó ìdánwò, ẹ wo ìkànnì yunifásítì tó ń fojú sí, bóyá 3 ni wọ́n ń gbà, àbí 4 tàbí 5.

Ọmọ wa ń wọ SS1 l'Ábẹ́òkúta, ó sì ṣeé ṣe kó wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Chicago lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé kó ṣe Further Mathematics? — Bàbá kan, Abẹ́òkúta

Bẹ́ẹ̀ ni, tí General Mathematics rẹ̀ bá ti dúró dáadáa. Polynomial, binomial àti differentiation tó wà nínú Further Mathematics máa ràn án lọ́wọ́ nínú Algebra 2, Precalculus àti Calculus. Àmọ́ kírẹ́díìtì kò ní tìtorí rẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Kí ẹ gba scheme of work méjèèjì kí ó tó kúrò, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ilé-ìwé lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, torí òǹtẹ̀ ṣòro láti gbà tí ọmọ bá ti gbéra.